Ọkọ Ń Wéwèé, Ìyàwó Ń Sáré: Bí Ọ̀nà Iṣẹ́ Méjì Ṣe Ń Gbé Ilé Kan Ró ní Toronto

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀ nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Toronto ò tíì mọ́ tán, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló wà láti Scarborough títí dé Brampton tí tọkọtaya ti ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ń bọ́ bàtà yìnyín, ẹnì kan ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹni tó ń wọlé ti fi wákàtí méjìlá tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù tàbí ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹni tó ń jáde ní ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án. Ọmọ wà láàárín wọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ di irun fún, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì fún. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa. Ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì yẹn, kì í ṣáà sí níbi tí ti ọwọ́ ọ̀tún wà.

Àmọ́ kì í ṣe wákàtí iṣẹ́ nìkan ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí oṣù tó wọlé, wọ́n ti kọ gbogbo nǹkan sára kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì: ọjọ́ tí ọmọ máa rí dókítà eyín, ọjọ́ tí iléèwé ò ní ṣí, ọjọ́ tí owó ilé máa jáde. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì kù sí ọ̀la, ara wọn ò ní í gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá kù sí ọ̀la báyìí, wọ́n á ṣe é lóru ọjọ́ kan, á sì dára ju ti ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ẹnì kan ò lè ṣiṣẹ́ láìsí rédíò létí. Ẹnì kejì, bí ṣíbí bá jábọ́ ní kíṣìnnì, iṣẹ́ ti bàjẹ́ fún un nìyẹn. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tó fi jẹ́ pé irú àwọn méjèèjì yìí ló sábà máa ń fẹ́ ara wọn.

Nílé baba wa, kò jẹ́ tuntun kí ọkọ àti ìyàwó ní ọ̀nà iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkọ ń lọ oko, ìyàwó ń ná ọjà, olúkúlùkù ló sì mọ iye tó wà nínú àpò tirẹ̀. Ẹ wo aṣọ híhun pàápàá. Òfì tí ọkùnrin ń jókòó sídìí rẹ̀ máa ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ tí wọ́n á wá rán pọ̀. Ti obìnrin dúró gbára ti ògiri, aṣọ tó fẹ̀, tó sì nípọn ló ń tibẹ̀ jáde, irú èyí tí à ń pè ní kíjìpá. Iṣẹ́ oko ní àsìkò tirẹ̀, èèyàn ò lè fi ipá mú àgbàdo gbó. Iṣẹ́ ọjà ò dúró dẹni, ọjà ọrọọrún ti yí po kó o tó mọ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá yá á kàn kó ẹrù bọ̀ wálé ni. Sùúrù ni iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ń fẹ́, ìyára ni ti ẹnì kejì, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń jẹun.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé a ti kó irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ sínú yàrá méjì lórí àjà kẹrìnlá, láìsí ìyá àgbà, láìsí àbúrò, láìsí ará ilé tó lè bá wọn gbé ọmọ dání fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nílé, bí ìwà iṣẹ́ ọkọ ò bá bá ti ìyàwó mu, èrò pọ̀ láàárín wọn tí wọn ò fi ní í mọ̀ ọ́n lára. Níbí, àwọn méjì ló wà. Ohun tí ẹnì kan ò bá ṣe, ẹnì kejì ló máa rí i nílẹ̀.

Bí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, tọkọtaya kan ní Abẹ́òkúta ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti àti Fúnmiláyọ̀, tí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Thomas, ṣègbéyàwó ní oṣù kìíní ọdún 1925. Ọdún 1891 ni wọ́n bí ọkọ, ọdún 1900 ni wọ́n bí ìyàwó. Tíṣà ni àwọn méjèèjì. Ẹ ò ní í rí tọkọtaya tí iṣẹ́ wọn jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọkọ. Wòlíì ìjọ kọ́ o, àlùfáà ni, ó sì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ó ṣe ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School títí di ọdún 1932, kó tó wá gba Abẹ́òkúta Grammar School, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1954. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà nípò náà títí di 1954. Ọdún mẹ́tàlélógún! Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí, yálà ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú níbí ni o, á mọ ohun tí ọdún mẹ́tàlélógún túmọ̀ sí: ìpàdé, àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́tà sí ìjọba, ìjọba ò dáhùn, lẹ́tà mìíràn. Ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1943 láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga wò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ tó wà lára ohun tó bí yunifásítì Ìbàdàn ní 1948. Ọkùnrin tó ń to bíríkì lé bíríkì ni.

Ìyàwó ńkọ́? Ní 1932 tí wọ́n dé Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí: owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà nígbà ogun. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹlẹ́kọ àti aláró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó tíṣà. Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ dó síwájú ààfin, wọ́n ń kọrin, wọn ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì gbé adé sílẹ̀ fún ìgbà kan, kó tó padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn bí ọdún méjì. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta péré. Ọkọ rẹ̀ á ti fi ọdún mẹ́ta kọ lẹ́tà mélòó?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ariwo lásán ni ìyàwó ń pa. Nígbà tí ìjọba ò fún wọn láṣẹ láti ṣe ìwọ́de, wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni. Ó kọ́ àwọn obìnrin náà bí wọ́n ṣe máa ṣe bí wọ́n bá yin afẹ́fẹ́ ata lù wọ́n. Ẹgbẹ́ náà gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀sùn lóríṣiríṣi. Bíríkì lé bíríkì nìyẹn náà. Ẹni tó ti gbé pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé fún ogún ọdún á ti mọ ìwé kọ. Ọkọ náà kì í sì í ṣe ẹni tí ogun ìyàwó rẹ̀ kàn bá lójijì, nítorí ọgbà ilé ìwé tó ń darí ni wọ́n ń gbé, ẹsẹ̀ àwọn obìnrin yẹn ò sì gbẹ nílé rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ìbátan wọn, kọ nípa wọn nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀, Aké, tó jáde ní 1981. Daodu àti Beere lorúkọ tó pè wọ́n níbẹ̀.

Ní 1947 yẹn kan náà, Fúnmiláyọ̀ tẹ̀ lé Azikiwe àti àwọn aṣojú ẹgbẹ́ NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ tako òfin Richards. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Fẹlá ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn, Beko ò sì ju ọmọ ọdún méje lọ. Ta ló wà nílé pẹ̀lú wọn? Bàbá wọn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé aago ilé ìwé ló ń darí ọjọ́ rẹ̀, tí èèyàn mọ ibi tó máa wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ oníwọ́de, ta ni ì bá wà nílé? Bí àwọn méjèèjì bá sì jẹ́ oníwèé lẹ́tà, owó orí yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: àwọn yẹn jẹ́ ènìyàn ńlá, wọ́n ní òṣìṣẹ́ nílé, wọ́n ní èrò, wọn ò wọ bọ́ọ̀sì TTC nínú yìnyín. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ká kàn máa sọ pé "ẹ ń ṣe àfikún ara yín" bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nínú ìwàásù ìgbéyàwó. Ìyàtọ̀ ọ̀nà iṣẹ́ kì í dédé di àǹfààní. Bí ẹ ò bá ṣọ́ra, ẹnì kan ló máa rù ú.

Ẹni tó sábà máa ń rù ú ní Toronto nísinsìnyí ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé. "O ṣáà wà nílé." Gbólóhùn yẹn kúrú, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ ju owó lọ. Iléèwé pè pé ara ọmọ ń gbóná: o ṣáà wà nílé. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ń bọ̀ láàárín aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin: o ṣáà wà nílé. Nígbà tó bá di aago mẹ́ta ààbọ̀ tí wọ́n ń jáde níléèwé, òun náà ló máa lọ mú ọmọ, iṣẹ́ tí kò parí á wá di iṣẹ́ ọ̀gànjọ́. Òfin Ontario ti sọ láti 2022 pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sókè gbọ́dọ̀ ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe máa yọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́ lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Ìlànà ni òfin ní kí wọ́n kọ o, kò fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ tuntun kankan. Kò sì wọ inú ilé rárá. Kò sí ìwé kankan tó ní kí aya tàbí ọkọ ẹni má yọjú sí ìpàdé Zoom láti béèrè ibi tí iyọ̀ wà.

Ẹnì kejì tó ń rù ú ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn èèyàn wa ló sì sábà máa ń di tirẹ̀ kún un. Lójú tiwa, ẹni tó bá ń sùn ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀, oorun ọ̀sán ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, oorun alẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń le sí i bí màmá bá ti ilé dé. Ìwé àṣẹ super visa ti jẹ́ kí àwọn òbí wa lè dúró tó ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti oṣù keje 2022, bí wọ́n bá ti ní ìwé ìlera tó máa tó 100,000 dọ́là. Kí màmá wá bá wa wẹ ọmọ, ayọ̀ ńlá ni. Àmọ́ kí màmá jí ní àárọ̀, kó rí ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń ro àmàlà nígbà tí ìyàwó ń sùn fọnfọn, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tí ojú màmá máa wà. Mo rò pé ọkọ ló yẹ kó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ kí màmá tó gbé ẹrù kalẹ̀ pàápàá: "Ẹ̀yin mi, ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà láti alẹ́ àná o, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn." Ọ̀rọ̀ náà ò dùn lẹ́nu ìyàwó. Á dà bí àríyànjiyàn.

Ohun tí mo gbádùn jù lára iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ní ìlú yìí, ni ohun tí wọ́n ń pè ní handover. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru kì í kàn wọ kóòtù kó jáde. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé aláìsàn yìí jẹun, ìyẹn ò jẹun, oògùn tó kù ni ti aago mẹ́wàá, ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ òsì bàbá yẹn. Ó kúrú, àmọ́ wọn kì í fò ó. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó tó ń ṣe èyí fún aláìsàn mẹ́fà lè wọlé kó má sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ọkọ náà á sì jáde láìsọ pé ọmọ ò sùn dáadáa, àti pé wọ́n ní kí ó gbé fọ́tò wá sí kíláàsì lónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà tó o. Bí ẹ ò bá ní í lè dúró, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ní Yorùbá, kí ọmọ náà lè gbọ́ ọ.

Níbẹ̀ gan-an ni ìwà iṣẹ́ kálukú ti ń wúlò. Ẹni tó fẹ́ràn kàlẹ́ńdà, ẹ jẹ́ kí ó di kàlẹ́ńdà mú: ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, fọ́ọ̀mù iléèwé, owó orí tó gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹrin tó parí. Iṣẹ́ ni, bí kò tiẹ̀ hàn lójú. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí ló sì máa ń dun oníṣẹ́ jù. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá nígbà tí nǹkan bá dàrú, ẹ fi ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ fún un: ọjọ́ tí yìnyín sé ọ̀nà 401, ọjọ́ tí ọmọ eebì lórí aṣọ iléèwé, ọjọ́ tí àlejò mẹ́wàá dé láìsọtẹ́lẹ̀ tí ọbẹ̀ ò sì ju ti ẹni mẹ́rin lọ. Èyí tí kò dára ni kí oníkàlẹ́ńdà fẹ́ sọ onísáré di oníkàlẹ́ńdà nípa fífi ọ̀rọ̀ gún un lójoojúmọ́. Ó ti di ẹni ogójì ọdún kó tó délé yín, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ má fi owó ìsinmi òbí ṣeré. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ ti ìyá nìkan, ọ̀sẹ̀ 40 ló wà fún tọkọtaya tó bá pín in, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ò lè gbà ju 35 lọ. Bí ẹ bá mú èyí tó gùn, 69 ni, ẹnì kan ò sì lè gbà ju 61 lọ, àmọ́ ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san níbẹ̀ dípò 55, wọ́n sì ti fi ààlà sí i. Láti oṣù kẹta 2019 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí bàbá ò bá gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, ìyá ò lè bá a gbà á. Mo ń rí àwọn bàbá tó fi í sílẹ̀ torí ojú ń tì wọ́n níbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí bàbá bá fi dá wà pẹ̀lú ọmọ jòjòló ló máa fi mọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ju ọdún márùn-ún àlàyé lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Òbí tó ń wéwèé ló máa ń ra ìwé ABD, tó máa ń sọ pé ìṣẹ́jú ogún lálaalẹ́ ni Yorùbá. Òbí kejì ò ní àkókò kan pàtó, àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá nígbà tí epo ń yọ́ lórí iná, nígbà tí inú ń bí i, nígbà tó ń bá àǹtí sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ọmọ tó bá gba ti ẹni àkọ́kọ́ nìkan á mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, á máa sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Ti ẹnì kejì nìkan, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ni á fi dáhùn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, pinnu nígbà tó yá pé ìró àti bùbá lòun á máa wọ̀, Yorùbá lòun á sì máa sọ níwájú èrò, kí àwọn òyìnbó aláṣẹ lọ wá ògbufọ̀ tiwọn.

Ọdún 1955 ni ọkọ rẹ̀ kú, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Dolupo di nọ́ọ̀sì. Olikoye di dókítà àwọn ọmọdé àti mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ẹni tó ń fi sùúrù gbé ètò ìlera alábọ́ọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kalẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí òmíràn. Bàbá rẹ̀ ni mo rí nínú ìyẹn. Fẹlá, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, kò ní sùúrù lẹ́tà. Beko ni mi ò lè sọ ti ta ló jogún: dókítà ni, ó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn rẹ̀ l'Ékòó, òun náà ló tún ń ṣáájú ìwọ́de nígbà ìjọba ológun, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.